Sálámọ̀ Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà

"Àsàlámù àláékúmù."

Ohùn náà wọlé láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìró òjò tí ń lu páànù. Bàrákàt ya ẹnu láti dáhùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dáhùn láti ìgbà tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n Safiyat, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó ní pálọ̀, fi ìka kan ètè ara rẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe ọmọ Ẹ̀rìn yẹn nìyẹn?" Safiyat sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dá a lóhùn, kí n lè ròyìn rẹ fún gbogbo kíláàsì lọ́la."

Bàrákàt pa ẹnu dé.

Àmínát ni Safiyat ń pè ní ọmọ Ẹ̀rìn. Ilé kẹta sí ilé àwọn Bàrákàt ni ó ń gbé, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, àwọn méjèèjì sì ti jọ ń lọ sí ilé kéwú láti ìgbà tí wàláà, pátákó tí a fi ń kọ́ kéwú, ṣì ga jù wọ́n lọ. Ọmọ bíbí Ọ̀fà ni ìyá Àmínát, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí nǹkan kan títí di ìgbà tí aáwọ̀ ilẹ̀ tí ó ti pẹ́ láàárín ìlú méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Kí ni ọmọ SS2 mọ̀ nípa ààlà ilẹ̀? Wọn kò mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì mọ ibi tí ó parí sí. Síbẹ̀, Safiyat dìde nínú kíláàsì, ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá bá Àmínát sọ̀rọ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹ̀rù ba Bàrákàt. Ó kó ìwé rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì tí òun àti Àmínát jọ ń jókòó sí, ó sì lọ bá àwọn Safiyat lẹ́yìn.

"Àsàlámù àláékúmù! Bàrákàt, ṣé ẹ wà nílé?"

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Ohùn náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá bàbá Bàrákàt wà níwájú ilé. Bàbá fúnra rẹ̀ sì ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn, nítorí pé òjò kò jẹ́ kí ó rí èrò gbé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí kẹ̀kẹ́ náà yóò mọ̀ pé èèyàn wà nínú ilé.

"Nóòtì Bàọ́lọ́jì rẹ ló fẹ́ wá dà kọ," ni Safiyat wí. "Òjò á fọ etí ẹ̀ mọ́ tónítóní!"

Ó fi ìborùn bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀rín náà ran Bàrákàt, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yìí ni ó wá ṣòro fún un jù lọ láti gbàgbé.

"Àsàlámù àláékúmù."

Ẹ̀kẹta kò le rárá. Ó rọlẹ̀, bí ohùn ẹni tí ó ti mọ èsì kí ó tó béèrè. Ààfáà Kamaldeen, olùkọ́ wọn ní ilé kéwú, ti kọ́ wọn pé bí èèyàn bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, kí ó kí sálámọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, kí ó padà, kí ó má ṣe já wọ ilé onílé. Àmínát kò gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bàrákàt gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ nínú omi títí òjò fi gbé ìró náà mì.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ohun tí Bàrákàt kò tíì mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé ìdákẹ́ pẹ̀lú lè fọ́.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé, tí kò tilẹ̀ ráyè sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Àmínát? Ìrọbí mú un lójijì, oṣù rẹ̀ ò sì tíì pé. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Gbogbo ọlọ́kadà ti sá fún òjò. Àmínát ló sáré dé títì ńlá kí ó tó rí ẹni gbé wọn. Wọ́n dé ọsibítù, ìyá yè, ọmọ ò yè."

Bàbá Bàrákàt, tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, dìde dúró. "Kẹ̀kẹ́ mi wà níta! Kí ló dé tí wọn ò wá pè mí? Mo sùn ni, n ò kú!"

Kò sí ẹni tí ó wo ojú Bàrákàt.

Nígbà tí wọ́n dá Ìyá Àmínát sílẹ̀ ní ọsibítù, àwọn òbí Bàrákàt lọ kí i nílé, wọ́n sì mú Bàrákàt dání. Àwọn obìnrin àdúgbò ti kún inú yàrá. "Omi ló dànù, akèrègbè ò fọ́," ni wọ́n ń sọ, obìnrin náà sì ń mi orí. Ó fi ọ̀já di àyà rẹ̀ pinpin, nítorí pé ọmú rẹ̀ ń kún, kò sì sí ẹni tí yóò mu ún.

Bàbá Bàrákàt kọjú sí Àmínát. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ṣe wá jí mi? Àbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti sọ mí di àjèjì ni?"

Àmínát gbé ojú sókè. Ó wo Bàrákàt, wíwò náà kò sì pẹ́.

"Mo wá, Dádì. Mo kí sálámọ̀. Òjò ni ò jẹ́ kí ẹ gbọ́."

Bàbá Bàrákàt gbá orí mú. "Òjò! Òjò yìí ṣe mí níkà o."

Bàrákàt dúró síbẹ̀, ilẹ̀ kò lanu. Ọ̀rẹ́ tí ó fi sínú òjò ti fi aṣọ bò ó lójú gbogbo ayé, aṣọ náà sì ń jó o lára bí iná.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn Àmínát ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún sí Bàrákàt létí. Bí ó bá ń fọ abọ́, yóò gbọ́ ọ nínú omi. Bí ó bá ń kàwé, yóò gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹ̀kẹta yẹn gan-an, èyí tí ó rọlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fò dìde lórí oúnjẹ, ó kígbe pé, "Wà àláékúmù sàlámù! Mò ń bọ̀!" ó sì sáré ṣí ilẹ̀kùn. Oòrùn funfun ni ó bá níta, àti ewúrẹ́ kan tí ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́.

"Ta lò ń dá lóhùn?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo rò pé ẹnì kan wá ni, Mọ́mì."

"Ewúrẹ́ ló kí ọ?" Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ fún Safiyat. Safiyat pòṣé. "Ṣé ìwọ lo ní kí ó máa rọbí lójú òjò? Jọ̀ọ́, má fi tìẹ kó bá mi. Tí wọ́n bá bi ẹ́, èmi ò sí nílé yín lọ́jọ́ náà." Ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, ṣùgbọ́n kò tún wá sí ilé àwọn Bàrákàt mọ́.

Ní ilé kéwú, Ààfáà Kamaldeen pe Bàrákàt dìde, nítorí pé òun ni ó máa ń mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù. "Dárúkọ ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lọ́rùn Mùsùlùmí bíi tirẹ̀."

Bàrákàt mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó: dídá sálámọ̀ padà, bíbẹ aláìsàn wò, títẹ̀lé òkú dé sàréè, jíjẹ́ ìpè, àti ṣíṣe àdúrà fún ẹni tí ó bá sín tí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ya ẹnu. Ó rí àlàfo tí ó wà lórí ẹní, níbi tí Àmínát ti máa ń jókòó.

"Èkíní..." ni ó wí. "Èkíní..."

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ààfáà na ọwọ́, wọ́n dákẹ́, ó sì ní kí ó jókòó. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Bàrákàt kò dìde lórí ẹní.

"Ààfáà, bí èèyàn bá ń tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn gbogbo ìrun, ṣé ọ̀rọ̀ náà ti tán?"

Ààfáà kì í yára sọ ohun tí kò dá a lójú. Ó kọ́kọ́ pa Kùránì iwájú rẹ̀ dé. "Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run, Aláforíjìn ni. Èyí tí o bá ṣẹ ẹ̀dá, ọ̀dọ̀ ẹ̀dá náà lo ti máa kọ́kọ́ lọ gba àforíjìn. Kí lo ṣe?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, ó béèrè ohun tí kò jẹ́ kí ó rí oorun sùn. "Ká ní mo dáhùn ni, Ààfáà, ṣé ọmọ náà ì bá yè?"

Ààfáà mi orí. "N kò mọ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun mọ̀, irọ́ ló pa. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n, Bàrákàt, kì í ṣe torí pé ọmọ máa yè lo ṣe yẹ kí o dáhùn. Ẹ̀tọ́ Àmínát ni, ìbáà jẹ́ iyọ̀ ló wá tọrọ."

"Tí wọn ò bá dárí jì mí ńkọ́?"

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ rẹ. Lílọ ló wà lọ́wọ́ rẹ."

Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún nílé. Ó ti múra sílẹ̀ fún ẹgba, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kàn jókòó sórí àga kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé kò dá wọn mọ̀.

"Àgùntàn tó bá bá ajá rìn..." ni ó bẹ̀rẹ̀. Kò parí òwe náà. "Nínú ilé mi. Mo wà nínú ilé. Ilé kẹta ni wọ́n wà, o mọ ọ̀nà. Máa lọ."

Ìyá Àmínát wà lórí ẹní, ó ń ká aṣọ sínú báàgì kan. Aṣọ Àmínát ni. Bàbá rẹ̀ ti pinnu pé kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí òun ní Ẹ̀rìn-Ilé, kí ó máa lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀, níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí ń bá a jókòó ní Ọ̀fà mọ́. Bàrákàt kúnlẹ̀. Kò fi òjò ṣe àwáwí, kò dárúkọ Safiyat. Ó ní òun gbọ́ sálámọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun sì rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí aṣọ. "Àmínát, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Mọ́mì," ni Àmínát dáhùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá. "Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn."

"O wá ní òjò ni?"

"Ẹ ti ń sunkún ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá sì nà án pa, ìyẹn ò ní dá ọmọ padà."

Ìyá Àmínát fi ọwọ́ kan ọ̀já àyà rẹ̀, ó tún gbé e kúrò.

"Bàrákàt," ni ó wí, "ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ, tí ìyá rẹ ò lè dìde. N kò ní purọ́ fún ọ. N kò tíì lè dárí jì ọ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ó fún mi ní ọkàn tí n ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n kò tíì dé. Dìde. Máa lọ sílé." Bàrákàt ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀. "Tún wá lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, Bàrákàt sọ ohun tí ó ṣe lójú gbogbo kíláàsì. "Ọ̀dàlẹ̀!" ni Safiyat kígbe.

"Ọ̀dàlẹ̀ ni mí lóòótọ́," ni ó dáhùn, "ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni mo dalẹ̀." Ó kó ìwé rẹ̀, ó padà sórí bẹ́ǹṣì wọn àtijọ́. Òun nìkan ni ó jókòó sí i títí tí táàmù fi parí.

Lójoojúmọ́, bí ilé-ìwé bá ti jáde, ó ń lọ bá Ìyá Àmínát pọn omi, ó ń bá a gbálẹ̀. Ìyá Àmínát a máa dá a lóhùn bí ó bá kí i. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì nìkan ni kò tíì sọ. Bàrákàt sì ń retí rẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n ti ń retí ọjọ́ ìtúsílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ kíyè sí i. Kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó ba ti Bàrákàt jẹ́. Ó mọ ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ sórí ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀sìn tí ó bá wà lórí ahọ́n, tí kò dé ìwà, ẹrù ni lọ́rùn ẹni tí ó rù ú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín yan ẹni tí ẹ óò hùwà rere sí fún yín, ẹ má sì fi ìjà tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ ya ara yín. Ẹni tí a bá ṣẹ̀ ni ó ni àforíjìn rẹ̀: ó lè fi jinni lónìí, ó sì lè pẹ́ títí kí ó tó fi jinni. Tiwa ni pé kí a lọ, kí a sì tún lọ.