Ìbéèrè Kẹrin

"Bádé, Dàda, Bàbá. Bádé, Dàda, Bàbá."

Adéṣẹwà ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ bí ó ti kúnlẹ̀ níbi àdúrà òwúrọ̀ nínú yàrá wọn ní Inísà. Ìyá rẹ̀, Ojúọlá, gbọ́ "Bàbá" tó gbẹ̀yìn, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ṣe bí Ọlọ́run ni ọmọ òun ń ké pè.

"Àmín," ni ìyá wí. Ó bu omi sínú ife, ó wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe rẹ̀ láràárọ̀. "Omi ni í pa iná! Iná yòówù tí ọ̀tá bá dá sí ilé yìí, omi ni yóò pa á!"

"Àmín!" Ọ̀rẹ́olúwa, àbúrò Adéṣẹwà, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù. Àmín ni ibi tó mọ̀ jù nínú àdúrà.

Ọlọ́run kọ́ ni Adéṣẹwà ń pè o. Èkísípò ni, ìdáhùn ìdánwò tó ti jò síta. Lọ́dún 1992 yẹn, ó wà ní ọdún kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìdánwò físíìsì sì ti ń sún mọ́lé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dùnsìn, ti rí ìbéèrè ìdánwò náà he nínú bébà tí wọ́n dà nù lẹ́yìn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ẹ̀gbọ́n Dùnsìn bá wọn dáhùn rẹ̀. Lẹ́tà ni èèyàn yóò kàn kọ síwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, láti A dé E. Nígbà tí Dùnsìn to àwọn lẹ́tà náà jọ, ẹ̀rín pa á: B-A-D-E, D-A-D-A, B-A-B-A.

"Orúkọ èèyàn ni wọ́n fún wa!" ni ó wí. "Ẹni tí kò bá lè há Bádé, Dàda, Bàbá sórí, kó yáa fi ilé ìwé sílẹ̀."

Orí Adéṣẹwà kò kú. Físíìsì ló ń bà á lẹ́rù, ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo ìjọ pé nọ́ọ̀sì ni ọmọ òun yóò ṣe. Ojú ń tì í láti kùnà.

Lọ́jọ́ àtúnyẹ̀wò, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé, tíṣà físíìsì, gbé abọ́ omi ńlá kan wọ kíláàsì. Ó ju òkúta kékeré kan sínú rẹ̀, òkúta rì. Ó gbé ìtì igi kan lé omi náà, igi léfòó.

"Ta ló lè sọ ìdí rẹ̀?"

"Igi fúyẹ́, sà," ni ẹnì kan dáhùn.

"Igi yìí wúwo ju òkúta yẹn lọ. Wá gbé e wò." Ọmọ náà gbé e wò, ó sì gbà. "Kì í ṣe wíwúwo lásán. Ẹ bu omi kún ife kan, kí ẹ wá rò ó pé ẹ gé igi yìí kún ife kan náà gẹ́lẹ́. Omi ni yóò wúwo jù. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń gbé e. Òkúta tó kún ife kan náà ńkọ́? Yóò wúwo ju omi lọ, ni ó ṣe rì." Ó fa ìgò kékeré kan yọ lápò, òórùn epo òyìnbó sì gba kíláàsì kan. "Ó dáa, epo òyìnbó ńkọ́? Ẹ sún mọ́ mi."

Adéṣẹwà fẹ́ dìde. Ó wù ú láti rí i, kí a má parọ́. Ṣùgbọ́n Dùnsìn já a léèékánná.

"Kí lo tún ń wá? Ṣé Bádé ò sí lọ́wọ́ ẹ ni? Jẹ́ ká lọ jẹ kaṣú."

Wọ́n tọrọ àyè láti lọ tọ̀, wọn kò sì padà mọ́. Lábẹ́ igi kaṣú, wọ́n gbọ́ tí kíláàsì hó yèè bí ẹni tó rí idán. Adéṣẹwà yíjú wo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, ó sì gé kaṣú rẹ̀ jẹ.

Nígbà tí èsì jáde, Adéṣẹwà ló gba gbogbo rẹ̀. Dùnsìn, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, ti mọ̀ọ́mọ̀ kùnà díẹ̀ kí wọ́n má baà fura. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé ní kí Adéṣẹwà dìde dúró, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ìsinmi dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán aṣọ ọdún Àjíǹde fún àwọn oníbàárà. Adéṣẹwà ń dín dòdò lórí sítóòfù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Epo òyìnbó inú rẹ̀ ti fẹ́ tán, iná rẹ̀ ti ń kú lọ. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un léraléra pé kó máa pa sítóòfù kó tó rọ epo sí i, ṣùgbọ́n dòdò ti ń pọ́n, ìkánjú sì wọ̀ ọ́. Ó rọ epo sí i bó ti ń jó. Epo dà sílẹ̀, iná sì ràn mọ́ ọn lórí símẹ́ǹtì. Iná náà kò tíì tóbi ju ìtẹ́ adìyẹ lọ. Ká ní ó da yẹ̀pẹ̀ lé e lórí ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

"Àǹtí, omi! Omi ni í pa iná!" Ọ̀rẹ́olúwa ló ń ké bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ́.

Adéṣẹwà gbé korobá omi tó wà nítòsí, ó da gbogbo rẹ̀ lé iná náà.

Iná kò kú. Epo gun orí omi, iná wà lórí epo, omi sì gbé àwọn méjèèjì, ó ń ṣàn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Kí Adéṣẹwà tó la ẹnu pé "Ọ̀rẹ́, sá!" iná ti yí ẹsẹ̀ ọmọ náà ká, ó ti mú ṣòkòtò rẹ̀.

Mọ́ṣúdù, aládùúgbò wọn tó ń gun ọ̀kadà, ló sáré wọlé. Ó fi àpò ìdọ̀họ wé ọmọ náà, ó sì ń fi ọwọ́ kó yẹ̀pẹ̀ lu iná.

"Lá ìláhá ìlà Láhù! Ta ló da omi sí iná epo?"

Mọ́ṣúdù kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lé ọ̀kadà, ó kọjú sí ọsibítù ní Ìkìrun. Lójú ọ̀nà, Ọ̀rẹ́olúwa kò sunkún mọ́. Ó kàn ń gbọ̀n, ó sì ń béèrè pé, "Àǹtí, ṣé dòdò yẹn ti jóná?"

Ọjọ́ kẹta ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé dé ọsibítù. Ó bá Ojúọlá àti Adéṣẹwà lórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù tí Ọ̀rẹ́olúwa wà, ojú àwọn méjèèjì ti wú.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọlọ́run á wò ó sàn."

"Àmín, sà. Ẹ ṣé o," ni Ojúọlá wí.

Tíṣà jókòó. "Adéṣẹwà, ohun kan ni kò yé mi. Mo da epo sórí omi níṣojú yín, mo ṣáná sí i, ó ń jó lórí omi, gbogbo yín hó. Mo tún fi ṣe ìbéèrè kẹrin: kí nìdí tí a kì í fi í da omi sí iná epo òyìnbó? Mo yẹ ìwé rẹ wò kí n tó wá. O gbà á. E lo kọ: epo fúyẹ́ ju omi lọ, yóò léfòó, yóò sì máa jó káàkiri. O mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ̀rù ló mú ọ gbàgbé ni, àbí èmi ni mi ò kọ́ yín dáadáa?"

"Ẹ̀rù ni, sà" ti dé orí ahọ́n Adéṣẹwà. Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá gbà á sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú tíṣà, ó rí i pé ọkùnrin náà ti ń dẹ́bi fún ara rẹ̀.

"Mi ò gbàgbé, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí ni. Bádé ni mo mọ̀."

"Bádé wo?"

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: bébà inú ìdọ̀tí, lẹ́tà tó di Bádé, Dàda, Bàbá, àti kaṣú. Ìyá rẹ̀ kò pariwo, kò nà án.

"Àṣé Ọlọ́run kọ́ lò ń pè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

"Rárá, mà," ni Adéṣẹwà wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ọ̀rẹ́olúwa kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mọ́ṣúdù àti àwọn ará ìjọ ló lọ sin ín. Ojúọlá kò bá wọn lọ, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ.

Wọ́n fagi lé èsì Adéṣẹwà, ó sì tún kíláàsì náà ṣe. Dùnsìn lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan ní Òkukù, kò sì wá kí wọn. Nígbà tí ọjọ́ àtúnyẹ̀wò tún yípo, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé gbé abọ́ omi wọlé, ó na ìgò epo òyìnbó sí Adéṣẹwà. Ọmọbìnrin náà gbà á, ó sì da epo lé omi.

"Ẹ sún mọ́ mi," ni ó wí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ fi ojú ara yín rí i. Mo kọ lẹ́tà tó tọ̀nà lọ́dún tó kọjá, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́tà ò pa iná. Ohun tí èèyàn bá jí kọ nínú ìdánwò, kò ní bá a nínú orí lọ́jọ́ tí yóò nílò rẹ̀."

Ojúọlá ṣì ń gbàdúrà láràárọ̀. Ó ṣì ń bu omi sínú ife, ó ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ibi "Omi ni í pa iná", á fi í sílẹ̀, á rọra gbé ife kalẹ̀. Adéṣẹwà á kúnlẹ̀ síbẹ̀, á máa retí àmín tó máa ń ròkè jù.