Omi Abẹ́ Ọmọrí

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó gun òkè Atakpamé ní Togo lọ, kó béèrè ilé tí ará Japan kan ti ń se oúnjẹ tà rí, lójú ọ̀nà Datcha. Ilé náà ti wó, igbó ti bò ó, ṣùgbọ́n àwọn àgbà àdúgbò yóò na ọwọ́ sí i fún un. Bó bá wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Léon níbẹ̀, wọn yóò ká ọwọ́ náà kò. Lẹ́yìn náà wọn yóò ní kó máa lọ ire.

Léon ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ òwú kan ní Datcha. Nígbà tí wọ́n fẹ́ to ẹ̀rọ síbẹ̀, lọ́dún 1978, ará Japan mẹ́sàn-án ló wá tò ó, wọ́n sì mú alásè tiwọn dání. Ọkùnrin kúkúrú kan ni. Morita lorúkọ rẹ̀, àwọn ará ìlú gé e kúrú sí Mùsíè Morí, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Morí lédè Faransé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Alásè kò lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Ó gba yàrá kan lẹ́bàá títì, ó to tábìlì mẹ́rin sí i, ó fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sára ògiri, ó wá jókòó, ó ń retí oníbàárà.

Oníbàárà wo? Ta ni yóò fi iyán gbígbóná sílẹ̀, tí yóò lọ máa fi igi méjì lé ìrẹsì kiri inú àwo? Àwọn ọ̀dọ́ ìlú lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọn kò padà síbẹ̀ mọ́. Léon nìkan ló kù. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, yóò wẹ̀, yóò wọ bàtà, yóò lọ jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kì í ṣe pé oúnjẹ náà dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ilé rẹ̀ ló dákẹ́ jù.

Dorothée ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí Abidjan láti ọdún mẹ́ta, ó lọ ta aṣọ aláró. Wọ́n jà kó tó lọ. Ìjà kékeré ni, irú èyí tí omi ìwẹ̀ kan lè parí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró kó parí. Lẹ́tà méjì ló kọ. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ọdún kejì tí Dorothée lọ ni ọkọ̀ tí Léon wọ̀ dojú dé nítòsí Glei. Ẹni mẹ́fà ló kú. Ohun tí Léon rántí kò pọ̀. Ó nà gbalaja sínú koríko, ó ń wo ojú ọ̀run. Ọwọ́ ẹnì kan rọra kọjá lójú rẹ̀, láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n. Ọwọ́ náà tutù. Ó ń ta sánsán aró. Nígbà tó jí, ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀wù kákì rẹ̀ kò sì sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn wálé láìwẹ̀wù. Ó na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó kọjá, kò sí èyí tó dúró. Kò ní ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo. Julienne, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo èèyàn ní olè ló bọ́ ẹ̀wù náà, pé olè kì í bẹ̀rù òkú.

Léon ò sọ ti ọwọ́ náà fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di ọdún kẹta, lásìkò ọyẹ́, Fájọbí dé. Àbúrò bàbá Dorothée ni, àgbẹ̀ láti abúlé kan lẹ́yìn Datcha. Ó jókòó, ó mu omi, ó fi ọwọ́ nu ẹnu.

"Àna wa," ó ní, "ọdún mẹ́ta ti pé. Ẹ fún wa ní aṣọ rẹ̀."

Léon mọ ohun tó ń béèrè. Nílé Dorothée, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò wálé, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń sin. Bó bá jẹ́ ìyàwó ló kú, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ mú aṣọ náà jáde. Bó bá jẹ́ ọkọ ni, ọwọ́ ìyàwó. Bí wọ́n bá ti sin aṣọ tán, ó tán náà nìyẹn. Wọn kì í pe orúkọ onítọ̀hún mọ́. Bó tilẹ̀ padà dé lọ́jọ́ kan, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kanlẹ̀kùn, wọn kì í ṣí i fún un. Ẹni tí a ti sin kì í bá alààyè jẹun.

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá," ni Léon wí.

Ó fẹ́ràn obìnrin náà, ká má purọ́. Aṣọ rẹ̀ wà nínú àpótí, ó ṣì ń ṣí i wò. Bó bá gbé e lé Fájọbí lọ́wọ́, tí Dorothée sì wà láàyè níbìkan, òun Léon ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sóde títí ayé. Bí kò bá sì gbé e kalẹ̀, tí obìnrin náà sì ti kú, òkú rẹ̀ ń rìn kiri láìrí ibi jókòó. Èwo ni ṣíṣe?

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ sọ́dọ̀ Morí bó ṣe máa ń ṣe. Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku sórí páànù. Yàrá náà ṣófo. Lórí pẹpẹ lẹ́yìn Morí, àwo igi dúdú kan wà níbẹ̀ tó ní ọmọrí lórí. Ọjọ́ pẹ́ tí Léon ti ń rí i. Lọ́jọ́ náà ló béèrè.

"Ta ló ni ìyẹn, Mùsíè Morí?"

"Àbúrò mi. Ó wọ ọkọ̀ apẹja. Kò tíì dé."

Faransé Morí kò pọ̀, ọwọ́ ló máa ń fi parí rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé nílé àwọn, bí ẹnì kan bá lọ sọ́nà jíjìn, wọ́n ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ó wà nílé. Wọ́n á dé e. Bó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á wo abẹ́ ọmọrí. Bí omi bá sẹ̀ síbẹ̀ bí ìrì, ẹni náà ń mí, ebi ò pa á.

"Bó bá gbẹ ńkọ́?"

Morí yíjú sí pẹpẹ. Ó gbé àwo àbúrò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ṣí i. Ọbẹ̀ náà ṣì ń yọ èéfín. Abẹ́ ọmọrí gbẹ táútáú.

"Láti ọdún tó kọjá," ó ní.

"Kí ló wá dé tí ẹ ṣì ń bù ú?"

Morí dé e padà jẹ́jẹ́. "Bóyá ebi ń pa á."

Léon wo àga tó kọjú sí i. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní kí Morí jọ̀ọ́, kó bu ọ̀kan fún Dorothée. Morí bù ú, ó gbé e sí òdìkejì tábìlì, níwájú àga tó ṣófo. Wọ́n dúró. Léon nawọ́, ó ṣí i. Omi kún abẹ́ rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ̀kán kan já bọ́ sí i lọ́rùn ọwọ́, ó gbóná. Léon sunkún lọ́jọ́ náà, níwájú àlejò, kò tijú.

Julienne gbọ́, ó pàtẹ́wọ́.

"Léon! Ìkòkò wo ló ń hó tí ọmọrí rẹ̀ kì í làágùn? Ilá tí mo sè lánàá, ọmọrí rẹ̀, omi ni. Ṣé ilá náà lọ sí Abidjan ni?"

"Ẹ bá mi lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fojú ara yín rí i."

"Màá lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ ẹja tútù o."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ ní Sátidé kejì, tó ku ọ̀la kí Fájọbí padà dé. Julienne we gèlè tuntun. Ó mú igi méjì náà dání bí ẹni fẹ́ hun agbọ̀n, ó tún gbé e sílẹ̀, ó béèrè ṣíbí. Morí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bu ọbẹ̀ láti inú ìkòkò kan náà sínú àwo mẹ́ta, ó dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan fún Julienne. Ọ̀kan fún Léon. Ọ̀kan fún àga tó ṣófo.

Wọ́n ṣí ti Dorothée. Omi ń kán níbẹ̀.

"Mo ti sọ fún ọ," ni Julienne wí. Ó ṣí tirẹ̀, ó fi ìka nù ún lábẹ́, ó na ìka tútù náà sí Léon. "Wò ó. Ṣé èmi náà wà ní Abidjan?"

Léon rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ṣí tirẹ̀.

Ó gbẹ.

Èéfín ọbẹ̀ ń kọlù ú lójú. Ọmọrí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ bí ewé ọyẹ́. Morí gba ọmọrí náà, ó fi aṣọ nù ún, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí à ń nù níbẹ̀. Ó dé e padà. Wọ́n dúró. Eruku ń fọwọ́ ha páànù lókè. Léon ṣí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbẹ.

Julienne kò tún ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó mú ọmọrí tirẹ̀, èyí tó ṣì ń kán omi, ó fi dé àwo àbúrò rẹ̀. Ó kà dé ogún lábẹ́ ahọ́n. Ó ṣí i.

Ó gbẹ.

"Ká máa lọ," ó ní.

Ó di Léon lọ́wọ́ mú bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ òkè náà, bó ṣe máa ń dì í mú nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìka rẹ̀ méjì wà ní ọrùn ọwọ́ àbúrò rẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ lílù ẹ̀jẹ̀. Kò mú wọn kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi délé. Kò sì sọ ohun tó gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Fájọbí dé, Léon kò mú aṣọ jáde. "Ó wà láàyè, bàbá," ó ní. Fájọbí wò ó tìtì.

"Ta ló sọ fún yín?"

Julienne ló gbà á sọ. "Ẹ ṣe sùúrù fún wa, bàbá. Mo ní kí katikísì ṣọ́ọ̀ṣì wa bá mi kọ lẹ́tà sí àwọn Fàdá ní Abidjan. Wọn yóò bá wa wá a."

Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí èsì tó dé. Julienne ò mọ̀wé. Ta ni yóò gbé lẹ́tà lọ bá, bí kò ṣe àbúrò rẹ̀? Ó bá a nídìí oúnjẹ. Ó jókòó, ó fọwọ́ bu òkèlè nínú àwo rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti kékeré, ó ní kó kà á. Léon mọ ìkọ̀wé náà kó tó ya á. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi Julienne, mo kí yín. Lẹ́tà yín bà mí lẹ́rù. Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé, pé ọkọ mi ń retí mi. Ọkọ wo? Mo ti ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dojú dé ní Glei. Wọ́n dá ọkọ̀ tiwa dúró. Mo sọ̀kalẹ̀, mo rí i nínú koríko. Èmi ni mo fọwọ́ pa á lójú dé. Èmi ni mo bọ́ ẹ̀wù kákì rẹ̀, nítorí pé èmi ló tọ́ sí. Mo rò pé ẹ ó sọ pé ìjà wa ló pa á, ni mo fi padà. Mo sin ẹ̀wù náà sínú iyanrìn létí òkun. Mo sunkún rẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ ẹni tó wà nínú ilé yẹn."

Ìlà kan ṣẹ́kù. Léon lè fò ó, Julienne ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n kọ lẹ́tà sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jẹun."

Òkèlè wà lọ́wọ́ Julienne. Ó wò ó. Ó dá a padà sínú àwo.

"Mo dákú ni, Ẹ̀gbọ́n," ni Léon wí. "Mo dákú ni, mo sì jí. Ẹ mọ̀ pé mo jí."

"Mo gbọ́, àbúrò mi," ni Julienne wí. Ó ti dìde.

Léon fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Abidjan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wá, ẹnikẹ́ni ò ya wọ́n. Fájọbí kò béèrè aṣọ mọ́. Bó bá pàdé Léon lọ́nà, ilẹ̀ ló ń wò. Léon ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo Sátidé, ó ṣì ń lọ sí ilé ará Japan. Morí ń bu ọbẹ̀ fún Dorothée, ó ń dé e, omi rẹ̀ ń kán. Inú Léon a máa dùn sí ìyẹn, pé ebi ò pa á níbi tó wà. Ti Léon, Morí kì í dé e mọ́. Ó ń gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ṣíṣí sílẹ̀, yóò sì kọ ẹ̀yìn.

Julienne náà kò fi í sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ó ń gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n kì í wọlé mọ́. Orí odi lẹ́nu ọ̀nà ló ń gbé e sí, pẹ̀lú ọmọrí, yóò dúró díẹ̀. Nínú ilé, Léon ń gbọ́ bó ṣe ń rọra ṣí i, tó sì ń rọra dé e padà.

Lọ́jọ́ kan, kò lè mú un mọ́ra. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n. Ṣé omi wà níbẹ̀?"

Julienne ti ń lọ, ohùn rẹ̀ ti ń jìnnà.

"Jẹun, Léon," ó ní. "Ṣáà máa jẹun."