Irùngbọ̀n Bàbá Mutolib

"Goatee! Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Goatee!"

Bọ̀wálé ló kọ́kọ́ pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwé wọn ní Ìkòsí, àwọn ọmọ kíláàsì yòókù sì gbè é. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Mísíìsì Bánjọ, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn, kọ́ wọn pé irùngbọ̀n tó hù sí àgbọ̀n nìkan, bíi ti òbúkọ, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe gbólóhùn. Kò sí ohun tí Bọ̀wálé rí fi ṣe gbólóhùn àfi bàbá Mutolib ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alájì Salaudeen tó ń ta tàtàṣé ní Máìlì 12, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Alájì Onírùngbọ̀n.

"Bọ̀wálé, fi bàbá mi sílẹ̀ o," ni Mutolib wí.

Ó yẹ kí Bọ̀wálé dákẹ́, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pa á bí ọtí. Ó na àgbọ̀n síta, ó tún ké bí ewúrẹ́.

Ẹ̀ṣẹ́ Mutolib bà á lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bo eyín rẹ̀. Wọ́n wọ̀yá ìjà, wọ́n ń yí nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń gé ara wọn jẹ. Àwọn aláìláàánú tó dúró wò wọ́n ń pariwo, "Fún un! Má gbà fún un!" Nígbà tí Mutolib gùn ún láyà tó ń gbá a létí léraléra, ọwọ́ Bọ̀wálé ba àfọ́kù búlọ́ọ̀kù nílẹ̀. Ó gbé e sókè.

"Ẹ fi ara yín sílẹ̀!"

Alájì Salaudeen tó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ ló sáré bọ́ sí àárín wọn. Àgbọ̀n rẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù náà bà, gbì! Ó ṣubú lulẹ̀.

Àwọn ọmọ méjèèjì ló fi takisí gbé e dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní òun kò lè rán ojú ọgbẹ́ náà láìfá irùngbọ̀n. Bọ̀wálé dúró, ó ń wo irun funfun tí ẹ̀jẹ̀ ti rin bó ti ń já bọ́ sínú abọ́. Mutolib kọjú sí ògiri, ó ń sunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Daddy, ẹ má bínú," ni Bọ̀wálé bẹ̀bẹ̀.

"Tèmi á hù padà," ni Alájì dáhùn, ẹnu rẹ̀ wúwo. "Ọ̀rẹ́ ìwọ àti Mutolib ńkọ́?"

Irùngbọ̀n náà hù padà lóòótọ́, àmọ́ Mutolib kò bá Bọ̀wálé jókòó mọ́. Nígbà ìdánwò, Mísíìsì Bánjọ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà, goatee, ṣe gbólóhùn. Bọ̀wálé wo ẹ̀yìn ọrùn Mutolib tó jókòó níwájú rẹ̀, kò lè kọ nǹkan kan. Ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ìlò rẹ̀ ló ṣì. Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, kó má fi bàbá ẹlòmíràn pa wọ́n lẹ́rìn-ín.