Ẹni Tí Àwọn Ọmọ Yà Fún

Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó gbà mí gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú ọ̀sán ló ṣẹlẹ̀, àwọn tó ṣojú wọn sì wà láàyè títí di bí mo ti ń wí yìí.

Awọnlẹ̀ ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ń gbé irinṣẹ́ ìwọnlẹ̀ wọ igbó, tó ń ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀ ní ààlà ilẹ̀ onílẹ̀. Kò sí kòkòrò tí kò tíì gé e jẹ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ oníṣègùn eyín. Ọmọ mẹ́ta ló bá nínú ilé náà. Àkọ́bí jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń ṣe bí àgbà, ni wọ́n bá ń pè é ní Ìyáàfin. Èkejì, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà, ni Aláròyé, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àbíkẹ́yìn kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Bíńtín ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, tata kan fò wọlé láti ojú fèrèsé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun orí tábìlì, wọ́n figbe ta. Ìyá àgbà fi ọwọ́ lásán mú tata náà. Ó wo àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

"Tata lásán," ó ní. "Ẹ ò tíì wọ igbó rí ni?"

"Igbó wà nínú tẹlifíṣọ̀n wa," ni Aláròyé dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Igbó kan wà níbi tí òpópónà wọn parí sí. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tóóró kan gba inú rẹ̀ lọ sí etí odò kékeré kan. Awọnlẹ̀ mọ ọ̀nà náà dunjú. Òun ló wọ̀n ọ́n nígbà tí kò tíì sí ilé kankan ní àdúgbò náà.

Ọ̀sẹ̀ kan ló fi kọ́ wọn kí wọ́n tó gbéra. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ti ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, bí wọ́n ṣe máa tò tẹ̀ léra. Ó ní kí wọ́n má ki ọwọ́ bọ ihò kankan, kí wọ́n má fi èso tí wọn ò mọ̀ kan ẹnu. Ẹni tó bá sọnù, kó dúró sídìí igi kan, kó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, kó má sì rìn mọ́. Wọ́n fọn fèrè náà nínú pálọ̀ títí ìyá wọn fi ọwọ́ di etí.

"Màmá, ṣé dandan ni?" ó bi ìyá rẹ̀.

"Dandan ni. Mi ò ní fi ọmọ tó ń sá fún tata sílẹ̀ sáyé."

Ní Sátidé, nígbà tí oòrùn ti gòkè dáadáa, wọ́n jáde. Káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìparí òpópónà dá ayùn dúró.

"Màmá, ibo lẹ̀ ń kó àwọn ọmọ lọ?"

"Etí odò."

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ajá mi kì í kọjá kọ́nà àkọ́kọ́ yẹn o."

"Ajá ni," ni awọnlẹ̀ wí, ó sì kọjá.

Inú igbó tutù. Ó ń rùn bí ewé tó ti rà sínú omi òjò. Àwọn ẹyẹ ń ké lókè. Awọnlẹ̀ fi ipa ìgbín hàn wọ́n, ó fi ihò òkété hàn wọ́n. Aláròyé béèrè ìbéèrè mẹ́wàá lórí ewé kan ṣoṣo. Bíńtín gbé ìgbín lé àtẹ́lẹwọ́, kò sunkún, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀. Inú ìyá àgbà dùn débi pé ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n.

Wọ́n kọjá kọ́nà àkọ́kọ́.

Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn pa rédíò. Awọnlẹ̀ gbọ́ mímí ara rẹ̀. Ó gbọ́ bí omi ṣe ń mì nínú ìgò tó gbé kọ́ èjìká. Aláròyé náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló kó ìyá àgbà lọ́kàn sókè jù.

Ó wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ti kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n ti wọ inú koríko lápá òsì, wọ́n sorí kọ́. Ìyáàfin ti kúnlẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ń bọ̀," ni Ìyáàfin rọra sọ. "Ẹ yà fún wọn, Màmá àgbà."

"Àwọn wo?"

"Kì í ṣe àwọn. Ẹnì kan ni. Àgbàlagbà ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ yà fún un?"

"A kàn mọ̀ ni."

Awọnlẹ̀ wo iwájú. Níbi tó tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i, koríko tó wà lójú ọ̀nà tẹ̀. Lẹ́yìn náà, èyí tó tún sún mọ́ ọn tẹ̀. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ó tún ku mẹ́ta. Kò sí atẹ́gùn. Kò sí ìró kankan.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ láti yà. Ìgbà yẹn ló rí Bíńtín, tó di ojú pinpin. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè yà lọ́jọ́ náà, gbogbo ohun tó bá ń bọ̀ níwájú ni àwọn ọmọ yìí á máa yà fún títí ayé wọn. Ó gbé ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀.

"Mi ò yà," ó ní. "Èmi ni mo wọn ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá ń kánjú, kó gba ẹ̀gbẹ́."

Koríko tẹ̀ níwájú bàtà rẹ̀ gan-an, ó sì dúró.

Nǹkan kan mí sí i lójú. Kò gbóná, kò tutù. Òórùn amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú nílẹ̀ ló ń rùn. Iwájú imú rẹ̀ ló wà rẹ́gí, kò sókè, kò sódò. Awọnlẹ̀ kò ṣẹ́jú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ọkàn, bó ṣe máa ń ka ìṣísẹ̀ nídìí iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ó ti ka mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nígbà tí koríko apá ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ lulẹ̀, tí ohun náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sẹ́yìn.

Ẹyẹ ké.

Wọ́n dé etí odò. Àwọn ọmọ ki ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Awọnlẹ̀ bọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta. Òórùn náà kò kúrò.

Nígbà tí wọ́n délé, ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé. "Báwo ni ẹni yẹn ṣe ga tó?" Aláròyé gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀. "Wọ́n ga tó mi." Ìyáàfin náà gbé ọwọ́ lé orí tirẹ̀. Bíńtín fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ irun ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"O sì ní àgbàlagbà ni?" ó tún bi Ìyáàfin.

"Àgbàlagbà gan-an ni wọ́n."

Awọnlẹ̀ wọlé lọ.

Aláròyé ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá wọn kó tó bọ́ bàtà. Obìnrin náà kò fi ara balẹ̀ jókòó.

"Màmá, ẹ ò ní kó wọn débẹ̀ mọ́ láé."

"Sátidé tó ń bọ̀ ni."

"Ọmọ mi ni wọ́n o!"

"Torí pé ọmọ rẹ ni wọ́n ni. Òun ló yà fún mi. Ṣé o gbọ́? Èmi kọ́ ni mo yà."

"Bí kò bá wá yà lọ́jọ́ mìíràn ńkọ́?"

"A ó jọ dúró."

Oníṣègùn eyín náà wo ìyá rẹ̀ títí. "Ó dáa. Èmi náà ń bọ̀. Nígbà tí a ò bá rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ á tán."

Bíńtín wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn lóru Jímọ̀.

Ní Sátidé, àwọn márààrún tò wọ igbó, ìyá àwọn ọmọ ló kẹ́yìn. Wọ́n kọjá kọ́nà. Igbó pa lọ́lọ́. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Ìyáàfin ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú koríko. Bíńtín kò yà. Ó di aṣọ ìyá àgbà mú, ó la ojú kalẹ̀. Ìyáàfin wo àbúrò rẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ padà. Aláròyé fara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ni awọnlẹ̀ ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ohùn kékeré bíi ti ọmọ ilé ìwé: "Ẹ kú—" Orúnkún oníṣègùn eyín náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

"Má kí i," ni awọnlẹ̀ wí. "Dìde."

Ó dìde. Àwọn márààrún dúró. Wọ́n gba èémí náà sójú lẹ́ẹ̀kan náà, òórùn amọ̀ yẹn, ẹnìkọ̀ọ̀kan ní iwájú imú tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó yà.

Ohun náà yí padà. Koríko ń tẹ̀ lọ síwájú, ó dé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó dúró.

"Wọ́n ní ká máa bọ̀," ni Bíńtín wí.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká padà," ni ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

"Etí odò là ń lọ. Etí odò la máa dé."

Wọ́n rìn. Ní iwájú, ọ̀nà pín sí méjì. Awọnlẹ̀ dúró. Ó ti wọn ilẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà kankan lápá ọ̀tún. Ọ̀nà wà níbẹ̀ báyìí, ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì gbá a. Koríko tẹ̀ ní ẹnu rẹ̀. Ohun náà ń dúró dè wọ́n.

Awọnlẹ̀ di ọwọ́ Bíńtín mú, ó yà sí òsì, ọ̀nà tó mọ̀. Gbogbo wọn yà sí òsì.

Ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìró. Ìró ẹsẹ̀ ni, lórí ọ̀nà ọ̀tún, ó ń lọ. Ẹsẹ̀ èèyàn márùn-ún ni. Ọ̀kan nínú wọn kéré, ó ń sáré díẹ̀díẹ̀ kó lè bá àwọn yòókù, gẹ́lẹ́ bí ẹsẹ̀ Bíńtín.

"Ẹ má wẹ̀yìn," ni awọnlẹ̀ wí. "Ẹ máa rìn."

Wọ́n ń rìn lọ sí etí odò.