Fìlà Dúdú Ẹnu Ẹ̀rọ

Fìlà náà ti ń funfun. Ẹni tó bá fi ìka fà á yóò rí ojú ibi tí ìka gbà kedere. Orí àga ni Ẹnjiníà dúró sí tó ń wò ó. Ìta ni bàbá rẹ̀ wà, tó ń já pákó látinú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn adájọ́ ìdíje ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ dé.

Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yìí, ẹnikẹ́ni kì í ka ọjọ́ kí ó tó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ inú ẹ̀rọ. Àpótí onífáànù kan ni ẹ̀rọ náà, òrùlé ni wọ́n so ó kọ́. Ó ń fa afẹ́fẹ́ eléruku wọlé lápá kan, asẹ́ inú rẹ̀ á gba eruku náà dúró, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á sì gba apá kejì jáde. Iwájú ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde yìí ni Bàbá fi ògbólógbòó fìlà dúdú rẹ̀ kọ́ sí lórí ìṣó. Bí fìlà bá ṣì dúdú, asẹ́ ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti ń funfun, asẹ́ ti parí nìyẹn.

“Fìlà mi ò mọ irọ́ pa,” ni Bàbá máa ń sọ fún àwọn oníbàárà, á wá rẹ́rìn-ín kèékèé.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà nìkan ló ń ta asẹ́ rẹ̀, ó sì wọ́n bí ojú. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn bàjẹ́, ńṣe ni Bàbá pa ẹ̀rọ, kálukú sì padà sí ìdí ìbòmú. Ẹni tí ìyẹn dùn jù ni Àǹtí, àbúrò Bàbá, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ fífi sáńpépà ha igi kí ó lè jọ̀lọ̀. Òun ló ń jẹ eruku jù nínú gbogbo wọn. Àǹtí ò lè ṣiṣẹ́ kó má kọrin, ìbòmú kò sì jẹ́ kí orin jáde dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” á ní, “ó dà bí ìgbà tí wọ́n ki àpò sìmẹ́ǹtì bọ̀ mí lẹ́nu.”

Báyìí ni ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹnjiníà ṣe gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó wá asẹ́ pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé. Kò bá ojú ẹ̀rọ mu, ni ó bá kan férémù igi sí i lára, ó gé fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo etí rẹ̀. Ó bá a mu wẹ́kú. Olùkọ́ físíìsì rẹ̀ rí i, inú rẹ̀ dùn, ó sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìdíje.

Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́ta, fìlà ti funfun. Ẹnjiníà mọ ohun tó fà á. Asẹ́ pọ́ọ́kú náà ń mú eruku ńlá tí ojú ń rí, àmọ́ èyí tó kúnná, tó máa ń wọ inú àyà lọ jìnnà, ń gba inú rẹ̀ kọjá fàlàlà. Ó mọ bó ṣe lè tún un ṣe pẹ̀lú. Yóò to asẹ́ méjì léra, yóò wá aṣọ tó ki sẹ́yìn wọn, yóò sì dán an wò títí yóò fi dáa. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni. Àwọn adájọ́ ò sì ní dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó já fìlà náà sílẹ̀, ó gbọn ọ́n mọ́ itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dá a padà.

“Kí lo ń ṣe lókè yẹn?” Àǹtí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìṣó ni, Àǹtí. Ó fẹ́ yọ.”

“Ẹnjiníà! Ìṣó pàápàá ò sinmi lọ́wọ́ ẹ!” Àǹtí rẹ́rìn-ín wọ ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn adájọ́ dé. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kan fìlà, ó wo ìka rẹ̀, ó sì mi orí pé ó dáa. Ẹnjiníà ló gba ipò kìíní.

“Bọ́ nǹkan yẹn sọnù!” ni Bàbá sọ fún Àǹtí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tó ń nàka sí ìbòmú rẹ̀. “Ọmọ wa ti gbà ọ́.” Àǹtí jù ú sínú pàǹtí. Ó kọrin títí tí fọkanáísà òdìkejì títì fi pariwo pé ṣé wọ́n fẹ́ kí òun kó táyà òun kúrò ládùúgbò ni.

Ẹnjiníà fẹ́ sọ òótọ́. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ náà dé, Bàbá ń fi ẹ̀rọ han àwọn oníbàárà. Èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè é síwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀ báyìí. Ló bá di pé láràárọ̀, kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́, á gun àga, á gbọn fìlà. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ rò ó mọ́ kó tó ṣe é.

Bàbá mú igi tó dáa jù, ó fi kan férémù fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àǹtí ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ha á. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi tẹ̀ mọ́ ọn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi, títí ó fi ń dán.

Lóṣù kẹfà lẹ́yìn ìdíje ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Àǹtí. Wọ́n ní òtútù ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, Àǹtí ò lè gun àtẹ̀gùn ilé láìdúró mí lẹ́ẹ̀mejì.

“Eruku igi ló wà nídìí ẹ̀,” ni dókítà sọ nígbà tí Bàbá àti Ẹnjiníà sin Àǹtí lọ sí ọsibítù. “Ó ti ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́. Oògùn á máa dín in kù, àmọ́ kò ní padà sí bó ṣe wà. Ẹ ò sì gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù igi mọ́. Ṣé ẹ kì í lo ìbòmú ni?”

“A ní ẹ̀rọ, dókítà.” Àyà Àǹtí ń dún bó ṣe ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọmọ wa yìí ló tún un ṣe. Ká ní ẹ rí fìlà ibẹ̀ ni! Dúdú ló máa ń wà nígbà gbogbo.”

Ẹnjiníà bú sẹ́kún. “Èmi ni mò ń gbọn ọ́n, Àǹtí. Ẹ má bínú. Èmi ni.”

Bàbá kàn ń wò ó bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí.

“Láti ìgbà wo?” Àǹtí béèrè.

“Láti ọjọ́ tí àwọn adájọ́ wá.”

“O sọ fún mi pé ìṣó ni.” Àǹtí dákẹ́ láti wá èémí. “Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá kàn de ìbòmú mi padà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ẹnjiníà dá ìwé ẹ̀rí padà fún ilé ẹ̀kọ́, ó sì sọ ohun tó ṣe lójú gbogbo kíláàsì. Ó tún ẹ̀rọ náà ṣe pẹ̀lú, ọ̀sẹ̀ méjì géérégé ló gbà á. Dúdú ni fìlà ń wà báyìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọn ọ́n, ṣùgbọ́n Bàbá kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ìbòmú ló ń dè. Férémù ìwé ẹ̀rí náà ṣì wà lára ògiri, òfìfo ni.

Asẹ́ tí kò dáa kọ́ ló ṣe Àǹtí léṣe. Àṣìṣe nìyẹn jẹ́, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló sì ń ṣe àṣìṣe. Pípa tí Ẹnjiníà pa á mọ́ nítorí àtẹ́wọ́ ló fa gbogbo rẹ̀, torí ẹni tó fọkàn tán an ti ju ìbòmú rẹ̀ nù. Ó ti mọ èyí báyìí, mímọ̀ ọ́n ò sì wo ẹnikẹ́ni sàn.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí a máa dá orin nínú yàrá. Tó bá dé ìlà kejì, á dúró, á máa wá èémí. Ẹnjiníà tó wà ní yàrá kejì mọ ìyókù orin náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbè é.