Ojú Ìwé Mẹ́rin Tí Jẹ́jẹ́ Ya

"Ojú ìwé mẹ́rin ò sí níbí," ni Adìwé wí, bó ti ń ṣí ìwé ìtàn àtijọ́ tí Jẹ́jẹ́ gbé wá fún un láti tún dì. "Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n wà?"

Jẹ́jẹ́ sorí kọ́. "Bí mo ṣe rà á nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́."

Irọ́ gbuu! Òun fúnra rẹ̀ ló ya wọ́n, wọ́n wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú yẹn tí yóò pè é ní òpùrọ́? Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Jẹ́jẹ́, torí kì í gbóhùn sókè, kì í sì í wo àgbà lójú.

Adìwé ka ìwé náà bó ti ń rán an. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ padà wá, Adìwé ní, "Ọmọbìnrin inú ìwé yìí wù mí o. Kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó jọ yín."

Háà! Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Jẹ́jẹ́, ó sì gún un lọ́kàn. Nínú ojú ìwé mẹ́rin tó ya yẹn ni ọmọbìnrin náà ti jí lẹ́tà, tó sì sunkún títí wọ́n fi lé aláìṣẹ̀ jáde nílé.

Ìfẹ́ sáà wọ̀ wọ́n lára. Adìwé a máa fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́ kó tó dì í lọ́wọ́ mú. "Olólùfẹ́ mi, kí n má lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra o."

"Lẹ̀ mí. Ta ló fẹ́ sá?"

Nígbà tí Adìwé mú Jẹ́jẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, inú mama dùn. "Irú èyí ni mo ń wá! Ọmọ tí eṣinṣin ò lè kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: ẹ̀gbọ́n ẹ ẹlẹ́nu bí abẹ yẹn, èyí tó jó aṣọ ìyàwó oníyàwó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, kò gbọdọ̀ dé ibi ìgbéyàwó yìí."

Orí Jẹ́jẹ́ ti ń lọ sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó dá a dúró.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jọ ń ṣiṣẹ́, òun ló gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ náà. Nígbà tí ọ̀gá ń pariwo, ó kàn wolẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ti tó. Wọ́n lé ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́, bàbá wọn lé e nílé. Ọdún mẹ́ta rèé.

"Mama, èmi ni mo jó aṣọ yẹn." Ó wo mama lójú kòrókòró. "Mo jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi jìyà rẹ̀. Tí kò bá wá, kò sí ìgbéyàwó."

Ó yọ ojú ìwé mẹ́rin náà nínú báàgì. Láti ọjọ́ tí Adìwé ti ní òun yóò fẹ́ ẹ ló ti ń gbé wọn kiri, tí kò lè la ẹnu. Adìwé kà wọ́n lórí ìdúró, ó fajú ro.

"O ní bí o ṣe rà á nìyẹn."

"Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Tí o ò bá fẹ́ mi mọ́, o jàre."

Adìwé to àwọn ojú ìwé náà jọ. "Inú ń bí mi gidi. Ṣùgbọ́n mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Jẹ́ kí n rán ìwọ̀nyí padà sáyè wọn, kí ìwọ náà lọ wá ẹ̀gbọ́n ẹ."

Mama mí kanlẹ̀. "Hẹ̀n! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ó kéré tán, mo ti mọ ẹni tó ń bọ̀ nílé mi. Kí ẹ̀gbọ́n ẹ máa bọ̀ o."

Jẹ́jẹ́ jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀, ó sì mú un dání lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Jẹ́jẹ́ ò sunkún, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ta ló ń rán aṣọ ìgbéyàwó ẹ?" ni ẹ̀gbọ́n bi í nígbẹ̀yìn.

"Mi ò tíì rí ẹnì kan."

"Èmi ni. Dìde, kí n wọ̀n ẹ́." Ó na téèpù sí i léjìká. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o, àbúrò mi: ìwọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù!"