Ihò Ara Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Hollersreuth

Ẹsẹ̀ ti ń dun Inspẹ́kítọ̀ Kreß kó tó dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin yìí ti rí òkú jù, ó sì ti sú u. Dókítà Sandner, ọ̀mọ̀wé tó wá ṣèwádìí àwọn ihò tóóró ara ògiri, ló nà gbalaja sórí àtẹ̀gùn òkúta, ẹ̀yìn orí rẹ̀ fọ́. Àwọn ọlọ́pàá ti mú Alban tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì. Òun àti olóògbé jà nílé ọtí lálẹ́ àná, Alban sì búra pé òun máa gbá orí ọkùnrin náà mọ́ ògiri tó ń ṣèwádìí rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé gbà pé àwọn jagunjagun àtijọ́ ló ń pọ́n idà síbẹ̀. Fada ní èṣù ló họ ọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú. Kreß bẹ̀rẹ̀ síbi ihò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ họ, ó wo ilẹ̀. Òjò ò rọ̀, atẹ́gùn ò fẹ́, síbẹ̀ kò sí lẹ́búlẹ́bú òkúta nílẹ̀. Ẹni tó ń pọ́n idà kì í kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lọ sílé.

Ó bá Alban ní àtìmọ́lé.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni Alban wí. "Mo sọ ọ́, ọ̀gá, ṣùgbọ́n n kò ṣe é."

Ó ní kí oòrùn tó yọ, òun gbọ́ tí Sandner ń bèèrè lábẹ́ fèrèsé òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì pé ta nìyẹn, tó tún bèèrè, tó pàṣẹ pé kí ẹni náà dá òun lóhùn. Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Òun rò pé ó ń dá sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, lòun bá fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí.

Kreß rántí nǹkan kan láti ìgbà èwe rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ máa ń lọ sídìí irú ògiri bẹ́ẹ̀ bí ibà bá mú ọmọdé. A óò họ òkúta náà kí ilẹ̀ tó mọ́, a óò pò ó mọ́ wàrà fún ọmọ náà mu. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí èèyàn bá ti jáde nílé títí yóò fi padà, kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, yanrìn lásán ló gbé délé.

Ó bèèrè láàárín ìlú ọmọ ta ni ibà ń ṣe. Oníbúrẹ́dì ní ọmọ ọmọ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Kuni ni. Inú ń bí i sí ìyá náà: Kuni tó máa ń kí ajá onílé pàápàá, òun kí i láàárọ̀ yẹn, ó kọjá bí ẹni tí kò gbọ́.

Nílé Kuni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Lioba, ọmọ náà, Kreß rí ife wàrà kan àti ṣíbí inú rẹ̀.

"Ìyá àgbà, nǹkan ti jẹ ẹnu ṣíbí yìí."

"Ó ti gbó ni, ọmọ mi."

"Òkúta ló jẹ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ họ ògiri, ẹ̀yin lẹ sì kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀. Sandner bi yín léèrè, ẹ ò lè dáhùn."

Ìyá àgbà náà jókòó. "Ó gbá mi lápá mú. Ó rò pé olè ni mí. Mo tì í kí n lè ráyè lọ ni."

"Ká ní ẹ sọ pé, 'Èmi Kuni ni,' ì bá fi yín sílẹ̀."

"Tí mo bá sọ̀rọ̀, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Oògùn àwọn dókítà ò ràn án. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀."

"Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní kò kú lójú ẹsẹ̀," ni Kreß wí. "Ká ní ẹ kan ilẹ̀kùn Alban, ọkùnrin yẹn ì bá yè. Alban ló sì wà látìmọ́lé."

Kuni wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Tí mo bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ó rẹ Kreß dọ́kàn. Àánú ìyá náà ń ṣe é, inú sì ń bí i. Ó fẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí Lioba.

Ó ṣì gbóná janjan. Kreß kọ́kọ́ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, kó tó sọ fún Kuni pé kó lọ mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, kí àwọn jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.